Ilé Mbari ti Ìbàdàn, àti Ẹni tí Ó San Owó Ìwé

Bí ará Àkókó bá ra iṣu ní ọjà Ìkàrẹ́, yóò bèèrè oko tí iṣu náà ti wá. Bí ó bá ra aṣọ òfì, yóò bèèrè ọwọ́ ẹni tí ó hun ún. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwé lé e lọ́wọ́, orúkọ ẹni tí ó kọ ìwé náà nìkan ni yóò wò. Kì í ṣí ẹ̀yìn ojú-ewé kìn-ín-ní kí ó wo ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, bẹ́ẹ̀ ni kì í bèèrè àpò tí owó títẹ̀ rẹ̀ ti jáde wá. Nítorí náà ni a ṣe rò pé yóò dára kí a sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà, àti ní gbogbo ìlú tí ó wà ní àyíká wọn, ìtàn ilé kan tí ó tẹ ìwé jáde ní Ìbàdàn, tí kì í ṣe ilé ìjọba, tí kì í ṣe ilé ìjọ, tí kì í sì í ṣe ilé oníṣòwò láti ìlú Òyìnbó. Orúkọ ilé náà ni Mbari. Ìwé tí ó tẹ̀ mú inú bí ìjọba kan ní òpin ilẹ̀ Áfíríkà. Owó tí ó fi tẹ̀ ẹ́ sì mú ìtìjú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí àṣírí rẹ̀ tú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àkókò tí ilé náà dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní abẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Michael Adékúnlé Ajásin ará Ọ̀wọ̀, aládùúgbò wa, olórí ilé-ẹ̀kọ́ Imade College, ni ó ti kọ èrò náà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wọn ṣáájú. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà gbà. Àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ wọlé, ní Àkókó gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibi gbogbo ní Ìwọ̀-Oòrùn, parí rẹ̀ ní òpin ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni a ṣí ilé Mbari. Òǹkàwé ti wà nílẹ̀, ó ń wá ohun tí yóò kà.

Ẹni tí ó kó àwọn ènìyàn náà jọ ni Ulli Beier, ará Jámánì kan tí ó ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1950 láti kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn tí ó bá a ṣe é kì í ṣe ènìyàn kékeré: Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Chinua Achebe, àwọn ayàwòrán bíi Demas Nwoko àti Uche Okeke, àti Ezekiel Mphahlele, òǹkọ̀wé ará Gúúsù Áfíríkà tí ó ti sá kúrò ní ìlú rẹ̀, tí a sì fi jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Èwe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá rí wọn nígbà náà kò lè sọ pé ọ̀kan nínú wọn ni yóò gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986. Achebe ni ó fún ilé náà ní orúkọ. Ní ilẹ̀ Ìgbò, ní ìhà Owerri, mbari ni ilé tí a ń fi amọ̀ mọ ère sí fún ilẹ̀. Bí a bá ti mọ ọ́n tán, a kì í tún un ṣe mọ́, òjò a sì wó o díẹ̀díẹ̀. A óò rí i pé orúkọ náà ro ilé yìí.

Ilé oúnjẹ kan tí ó ti jẹ́ ti àwọn ará Lẹ́bánọ́nì, ní àárín ìgboro, nítòsí ọjà, ni wọ́n gbà. Àgbàlá wà níbẹ̀ tí kò ní òrùlé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe eré ní alẹ́. Ibẹ̀ ni a ti ṣe eré Clark tí a ń pè ní Song of a Goat. Ibẹ̀ ni akéwì ti ń dìde dúró ka ewì rẹ̀ sí etí àwọn ènìyàn, tí ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn sì ń jiyàn. Àwòrán wà lára ògiri: ní ọdún 1962 Jacob Lawrence, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn níbẹ̀, ní ọdún kan náà ni a fi iṣẹ́ Malangatana ará Mòsáńbíìkì hàn, ẹni tí àwọn ọlọ́pàá Potogí wá mú ní ìlú rẹ̀ ní ọdún 1964. Ọkùnrin tí ó ń ta aṣọ ní ọjà lè yà wọlé kí ó wo àwòrán náà kí ó tó lọ sí ilé. A kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo èyí. Yàtọ̀ sí ilé ìjọsìn àti àgbàlá ọba, ibo ni àwọn baba wa ti ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ọgbọ́n hun, láìsan owó ilé-ẹ̀kọ́?

Ṣùgbọ́n ìwé ni ọ̀rọ̀ wa. Láàárín ọdún díẹ̀, Mbari tẹ ìwé tí ó lé ní mẹ́wàá jáde: ewì Clark, Heavensgate ti Okigbo ní ọdún 1962, eré mẹ́ta Ṣóyínká nínú ìdìpọ̀ kan ní ọdún 1963. Nínú àwọn eré mẹ́ta yìí ni ti wòlíì etí òkun nì wà, Brother Jero, tí ó yẹ kí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ gbogbo kà, bí ó tilẹ̀ ta wá létí. Àwọn ìwé wọ̀nyí kò tóbi, ẹ̀dà wọn kò sì pọ̀. Síbẹ̀ méjì wà nínú wọn tí a kò lè ṣàì dúró lé lórí.

Èkíní ni A Walk in the Night, tí Alex La Guma kọ, tí ó jáde ní ọdún 1962. Ará Cape Town ni La Guma í ṣe, Kọ́múníìsì ni, ó sì wà nínú àwọn ènìyàn 156 tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà kó ní ọdún 1956, tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn. Ìtàn òru ọjọ́ kan ni ìwé náà, ní àdúgbò àwọn òtòṣì tí a ń pè ní District Six: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó dá òyìnbó lóhùn, ọtí, ìbínú, ọlọ́pàá, ikú. Òfin ìlú rẹ̀ kò jẹ́ kí a tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kódà kí a fi gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún tí ìwé náà jáde ni wọ́n há a mọ́ inú ilé ara rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ jáde ní ẹnu ọ̀nà. Ìlú tí a ti kọ ìtàn náà kò gbọ́dọ̀ kà á. Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ kà á.

Èkejì ni ti Dennis Brutus, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ wa. Olùkọ́ ni ní Port Elizabeth, títí ìjọba fi lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé ó ń jà kí a má ṣe ya eléré ìdárayá sọ́tọ̀ nípa àwọ̀ ara. Ní ọdún 1963 wọ́n mú un, ó sá, àwọn Potogí ní Mòsáńbíìkì fi í lé àwọn tí ń lépa rẹ̀ lọ́wọ́, ó tún gbìyànjú láti sá ní ìgboro Johannesburg, ọlọ́pàá sì yìnbọn lù ú. Ó sùn sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọkọ̀ tí ó ń gbé aláìsàn dé, ó sì padà lọ láìgbé e, nítorí pé ọkọ̀ àwọn òyìnbó ni. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ mìíràn dé kí ó tó rí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ sí erékùṣù Robben Island láti máa fọ́ òkúta. Ní ọdún 1963 yìí náà ni Mbari tẹ ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Sirens, Knuckles, Boots. Ẹni tí a ti fi ìṣẹ́po ẹ̀wọ̀n dí ní ẹnu ń sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn.

Ohun kan sì wà nípa Brutus tí a fẹ́ kí ẹ fi sí ọkàn. Mbari fi ẹ̀bùn ewì lọ̀ ọ́, ó sì kọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni a ya ẹ̀bùn náà sọ́tọ̀ fún, kò sì ṣeé ṣe fún un láti máa bá ìyàsọ́tọ̀ jà ní ìlú rẹ̀ kí ó sì máa gba owó rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ọkùnrin yìí kì í gba nǹkan láìwo ìdí rẹ̀.

Nísisìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Tákàdá ń gba owó, tàdáwà ń gba owó, àwọn tí ń to lẹ́tà ní ìyàwó àti ọmọ ní ilé. Ẹni tí ó bá rò pé ìwé ewì lè san owó ara rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1961, kò tíì ta ìwé rí. Black Orpheus, ìwé àtìgbàdégbà tí Beier ti dá sílẹ̀ ní ọdún 1957, tí Mbari sì wá bá a rìn pọ̀, Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀kọ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Mbari fúnra rẹ̀ rí owó rẹ̀ láti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Congress for Cultural Freedom, tí a dá sílẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1950, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Paris. Mphahlele ni ó lọ di alábòójútó iṣẹ́ wọn fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹgbẹ́ náà ní òmìnira àwọn òǹkọ̀wé ni òun ń wá. Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí tí kò ní nawọ́ gbà á?

Ní ọdún 1966 ni ìwé ìròyìn New York Times bẹ̀rẹ̀ sí tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1967 kò sí ẹni tí ó tún lè sẹ́ ẹ. Owó ẹgbẹ́ náà ń ti ọwọ́ CIA wá, èyí tí í ṣe ilé-iṣẹ́ amí ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń dà á gba inú àpò àwọn olùrànlọ́wọ́ bíi Farfield Foundation kí ojú má bàa rí i. Ìjà Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ni ó fà á: wọ́n fẹ́ kí àwọn amòye ayé fà sí ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n má sì fà sí ọ̀dọ̀ Kọ́múníìsì. Mphahlele sọ pé òun kò mọ̀. Ṣóyínká náà, ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún tó.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé nítorí èyí, ìwé Mbari ti bàjẹ́. A kò gbà. Ẹ tún wo La Guma. Kọ́múníìsì ni, owó tí a kó jọ láti fi bá Kọ́múníìsì jà ni ó wà nínú àpò tí a ti mú owó tẹ ìwé rẹ̀. Bí ẹni tí ó ń sanwó bá ń yan ọ̀rọ̀ tí a óò tẹ̀, ìwé yẹn kì bá tí rí ìmọ́lẹ̀. Beier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó yan ìwé, wọ́n sì yan án dáradára.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè bá àwọn tí ó ní kò burú rárá kẹ́gbẹ́. Ohun tí ó burú ni pé a fi í pamọ́. Brutus kọ ẹ̀bùn nítorí gbólóhùn kan tí ó wà nínú òfin ẹ̀bùn náà. Ẹni tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ kò yẹ kí a jẹ́ kí ó mọ ẹni tí ó san owó ìwé rẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá òun gbà tàbí òun kò gbà? Wọ́n gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í sábà gbọ́ kí a sọ. Àwọn baba wa ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹnu Mbari sọ òdodo, ṣùgbọ́n òdodo nípa ọ̀nà jíjìn ni èyí tí ó sọ kíkankíkan jù. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1962 wọ́n ja ìjà àga ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì gba àkóso Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 1963 wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Iná ń jó nínú ilé. Ìwé tí ó jáde láti ilé Mbari ní ọdún náà sì ń sọ ti ẹ̀wọ̀n Gúúsù Áfíríkà. A kò sọ pé ẹ̀rù bà wọ́n: Ṣóyínká kó ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀, Orisun Theatre, jọ, ó sì fi àwọn olóṣèlú ilé ṣe ẹlẹ́yà ní ojú wọn nínú Before the Blackout ní ọdún 1965. Ohun tí a ń sọ ni pé owó tí ó ti òkè òkun wá tètè máa ń ní ìgboyà nípa ìlú tí ó jìnnà.

Ta ni ó wá sọ̀rọ̀ sí ìjọba ilé ní èdè tí ìyá arúgbó Ọ̀kà lè gbọ́? Hubert Ògúndé ni. Ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀ rí. Inú ìjọ Aládùúrà ni ó ti kọ́kọ́ ṣe eré orin ní ọdún 1944, lórí ọgbà Édẹ́nì. Ní ọdún 1945, ọdún ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá, ó ṣe Strike and Hunger, àwọn ìjọba Òyìnbó sì dí i lọ́nà ní Jos nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1964 ó ṣe Yorùbá Ronú. Ìjọba Akíntọ́lá rí ara rẹ̀ nínú eré náà, ó sì fi òfin lé Ògúndé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò ní orí pèpéle ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn: ìyẹn ni pé láti Ìbàdàn títí dé Ìkàrẹ́, kò gbọ́dọ̀ ṣeré. Ó fi eré mìíràn dá wọn lóhùn, Òtítọ́ Korò, ó sì ń ṣe é ní ibi tí ọwọ́ òfin náà kò dé. Àwo orin Yorùbá Ronú náà kò ṣeé lé. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀. Ó di ọdún 1966, tí àwọn ológun gba ìjọba, tí Fajuyi di gómìnà, kí a tó mú òfin náà kúrò.

Ògúndé kò gba owó lọ́wọ́ amí. Ṣílè àti kọ́bọ̀ tí àwọn ènìyàn san ní ẹnu ọ̀nà ni ó ń jẹ. Nítorí èyí ni ó fi lè sọ̀rọ̀ sí àwọn tí ó wà nítòsí. Nítorí èyí náà ni ìyà rẹ̀ fi pọ̀, nítorí bí a bá ti ti ẹnu ọ̀nà, ebi dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òmìnira irú èyí rọrùn.

Ṣùgbọ́n a óò ṣe àìtọ́ bí a bá fi Mbari sílẹ̀ láìsọ ti ọmọ rẹ̀ ní Òṣogbo. Dúró Ládípọ̀, olùkọ́, ọmọ kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà, kọ orin Àjíǹde ní ọdún 1961, ó sì kó ìlù dùndún wọ inú ilé Ọlọ́run pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ bínú. Ní òní tí dùndún ń dún ní ilé ìjọsìn wa gbogbo, ó ṣòro láti gbà á gbọ́. Ilé Mbari ní Ìbàdàn gbà á kí ó wá kọ orin níbẹ̀. Ó padà sí Òṣogbo, ó sì sọ ilé ara rẹ̀ di irú ilé kan náà ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1962. Àwọn ará Òṣogbo kò mọ mbari ti Ìgbò. Wọ́n fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, bí ẹni pé ènìyàn ń wí pé bí òun bá rí i, òun yóò yọ̀, wọ́n sì ń pè é ní Mbari Mbayo. Ibẹ̀ ni Ọba Mọ́rò àti Ọba Kò So ti jáde, ní èdè Yorùbá pátápátá, tí Ọba Kò So sì dé Berlin ní ọdún 1964. Ẹ wá wo ohun tí ó pa wá lẹ́rìn-ín tí ó sì dùn wá: nígbà tí Mbari ti Ìbàdàn fẹ́ tẹ àwọn eré wọ̀nyí ní ìwé ní ọdún 1964, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi tẹ̀ wọ́n.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan Àkókó gan-an nìyí. Ọ̀nà láti Ìbàdàn gba Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ kí ó tó gun òkè wá bá wa, ìwé tí ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀ kì í sì í rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Èdè pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju bí àlejò ti lè gbà gbọ́ lọ. Ọmọ lè sọ ọ̀kan nílé, kí ó sọ òmíràn ní ọjà, kí ó tó bá Yorùbá inú ìwé àti Gẹ̀ẹ́sì pàdé níwájú olùkọ́. Irú ọmọ yẹn nílò ìwé tí ó mú un lọ́kàn. Ilé ìtẹ̀wé àwọn míṣọ́nnárì mọ èyí: CMS ni ó tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà ní ọdún 1938, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sì gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ilé ìjọ kì bá tẹ La Guma; Mbari tí ó tẹ La Guma kò mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ abúlé. Lóòótọ́, láti ọdún 1999 ni yunifásítì ti wà ní Àkùngbá, nítòsí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ Ajásin lónìí. Àwọn olùkọ́ wa kò ní láti dúró de ìyẹn. Alẹ́ kan ní ìparí sáà, gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ mẹ́ta tí ó kọ ohun kan nípa ìlú wọn, àwọn òbí tí ó dá owó tẹ ìwé pélébé, kí a sì ka orúkọ olúkúlùkù àti iye tí ó dá sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogun abẹ́lé ni ó tú ilé Ìbàdàn ká. Beier ti kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 1966. Okigbo gbé ìbọn fún Bìáfírà, ó sì kú ní ojú ogun ní ọdún 1967. Ní ọdún náà ni wọ́n ti Ṣóyínká mọ́lé, kò sì jáde títí di ọdún 1969. Àgbàlá náà dákẹ́, ó sì wó díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Heinemann tún A Walk in the Night tẹ̀ ní London ní ọdún 1967, ìgbà náà ni ó tó tàn káàkiri. La Guma jáde kúrò ní ìlú rẹ̀ ní ọdún 1966. Kò tún padà. Havana ni ó kú sí ní ọdún 1985. Brutus pẹ́ láyé jù ú lọ. Ó rí òpin ìjọba tí ó yìnbọn lù ú, ó sì kú ní Cape Town ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2009, ní ẹni ọdún 85.